Ẹrù Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Kì Í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti dé, tàbí tí ọdún Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nínú ilé gbogbo: kí ni a ó kó lọ, kí ni a ó sì fi sílẹ̀? Bàbá á ní kí a má kó ju àpò kan lọ. Ìyá á ní bàbá kò mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́. Àwọn ọmọ náà á sì ti máa ki ohun ìṣeré wọn bọ inú àpò tí a ti dì tán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni a fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀mí.

Àwọn olówó ayé a máa lo ìsinmi wọn nínú ọkọ̀ òkun ńláńlá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2024, tó sì lè gba èrò tó lé ní 7,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kó àpótí mẹ́ta wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló ni lára: yàrá rẹ̀ á há mọ́ ọn, kò sì ní rí ibi tẹsẹ̀ sí. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wọlé. Ọkọ̀ tiwa níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà omi Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní àna tàbí ọ̀rẹ́ níbẹ̀, tàbí ọmọ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ láti ṣe olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì, tí ẹ sì ń lọ kí wọn.

Ẹni tó bá gba Òkìtìpupa wá, Igbókòdá ló máa dé, èyí tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tí wọ́n sì ń lọ sí etí omi láti wọ ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí àwọn ìlú àti abúlé tó wà káàkiri ilẹ̀ Ugbó àti Màhín títí dé etí òkun, bí Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní ọdún 1947, tí òkun ti ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ọdún púpọ̀ wá. Àwọn ọkọ̀ náà, pákó tàbí fáìbà ni a fi kàn wọ́n, ẹ́ńjìnnì kan á sì wà ní ìdí wọn. Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn náà ló ń gbé sìmẹ́ǹtì, apẹ̀rẹ̀ tòmátò, àpò gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo. Kò sí ibì kan tí a pín sọ́tọ̀ fún ẹrù. Ibi tí ẹ̀yin jókòó sí, ibẹ̀ ni ẹrù yín wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹrù ṣe ń ṣe ọkọ̀. Ẹ bu omi sí inú bàsíà, kí ẹ sì gbé abọ́ kékeré kan lé orí omi náà. Ẹ bu ẹ̀wà sínú abọ́ náà ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Abọ́ á rì wọnú omi díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣì léfòó. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kejì sí i, àti ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀wà ṣe ń pọ̀ sí i ni etí abọ́ ń sún mọ́ omi. Abọ́ náà kò ní ké, kò ní kìlọ̀ fún yín. Ìgbà tí etí rẹ̀ bá ku ìwọ̀n ìka kan kó kan omi, ẹ kàn fi ọwọ́ mi omi bàsíà náà díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìgbì kékeré yẹn ti tó láti kó wọnú abọ́, tí gbogbo rẹ̀ á sì lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe é lójú àwọn ọmọ yín. Ọmọ tó bá ti rí i nínú bàsíà kò ní gbàgbé rẹ̀ létí odò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí. Ká ní ọkọ̀ kan wà tí a kàn fún èrò 12. Bí a bá ka ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí kílò 70, kílò 840 ni gbogbo wọn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá wá gbé báàgì kílò 30 lọ́wọ́, kílò 360 ni a tún kó lé ọkọ̀ náà lórí. Kílò 360 sì ju ìwọ̀n ènìyàn márùn-ún lọ. Ọlọ́kọ̀ ka orí 12, ṣùgbọ́n omi ka 17. Omi kì í ka orí, ìwọ̀n ló ń kà. A kò sì tíì dárúkọ àwọn ọmọ tí a gbé lé itan, tí ẹnikẹ́ni kò gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí a kò sì kà mọ́ èrò.

Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó pàápàá fi ṣòfin sí i. Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa di ẹrù wọnú ọkọ̀ títí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sábẹ́ omi, nítorí èrè. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan tí ń jẹ́ Samuel Plimsoll bá wọn jà, títí òfin fi jáde ní ọdún 1876 pé kí a kun ìlà sí ara ọkọ̀, kí gbogbo ojú lè rí ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe ìlà náà di òní. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tiwa kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ojú èrò ni ìlà wọn. Bí ojú èrò bá fọ́, ìlà ti pa rẹ́ nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé ìdẹ́rùbà lásán ni mò ń ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọkọ̀ òkun Joola ti ìjọba ilẹ̀ Senegal ń ti Ziguinchor lọ sí Dakar. Ìwọ̀n èrò tó yẹ kó gbé kò tó 600, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,800. Àwọn obìnrin ọlọ́jà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjà wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sí ilé-ìwé sì wà níbẹ̀. Ó dojú dé nínú ìjì, ènìyàn 64 péré ni a rí yọ láàyè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní abúlé Egboti ní Ìpínlẹ̀ Niger ń padà sí ilé wọn ní agbègbè Patigi, Ìpínlẹ̀ Kwara, lóru. Ọkọ̀ tó gbé wọn kún jù, ó sì dànù. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ tó gbé nǹkan bí 300 ènìyàn dojú dé ní Gbajibo nítòsí Mokwa, lóru bákan náà. Nítorí ayẹyẹ Máólúdì ni wọ́n ṣe rin ìrìn-àjò náà. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Mùsùlùmí bí tiwa ni wọ́n. Èmi kò sọ pé báàgì aṣọ ló pa wọ́n. Àpọ̀jù ni, òru sì bá a lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àpọ̀jù ń dé, láti ọwọ́ olúkúlùkù tó ń sọ pé, "Tèmi kéré, tèmi kò lè ṣe nǹkan."

Bí a bá wo ẹ̀sìn wa, a ó rí i pé fífúyẹ́ ni ó ń fún arìnrìn-àjò. Ìrun tó jẹ́ òpó mẹ́rin, méjì ni arìnrìn-àjò ń kí. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì pàápàá, ó láṣẹ láti fi í sílẹ̀ kí ó sì san án padà nígbà tó bá yá. Ìrìn-àjò tó sì tóbi jù nínú gbogbo ìrìn-àjò wa, èyí ni Háájì, aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni ọkùnrin ń ró wọnú rẹ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe alágbàṣe. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò lè lọ lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ àbúrò òun láìkó gèlè márùn-ún?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Kì í ṣe pé kí a máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì ń lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní abúlé kan létí òkun, pẹ̀lú ọmọ méjì-méjì. Ìyá kìíní kó léèsì mẹ́ta, gèlè márùn-ún, bàtà mẹ́rin àti ìkòkò tí yóò fi se ọbẹ̀ tirẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onítáyà. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí i pé orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni a sì ń gbà láti ilé kan dé èkejì. Táyà àpótí kò wúlò lórí pákó. Ọkùnrin méjì ló bá a gbé e, inú wọn kò sì dùn. Yàrá kan ṣoṣo ni onílé ní láti fún wọn. Àpótí gba ìdajì rẹ̀, àwọn ọmọ sùn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Léèsì méjì kò kúrò nínú ọ̀rá títí wọ́n fi padà.

Ìyá kejì ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìyọnu kankan. Àpamọ́wọ́ kan ló fi jáde nílé, ó sì ń fi ìyá kìíní ṣe yẹ̀yẹ́. Òjò pa wọ́n lójú omi, àwọn ọmọ kò sì ní aṣọ ìpààrọ̀. Onílé bọ́ aṣọ ọmọ tirẹ̀ fún wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lórí tábìlì nílé, kò sì sí ibi tí yóò ti rà á. Ọmọ kékeré ń ké fún omi, omi abúlé náà sì níyọ̀ nítorí òkun, bẹ́ẹ̀ ni onílé ń náwó ra omi inú ọ̀rá tí a gbé wá láti Igbókòdá. Ẹ̀yin ìyá, ta ló gbé ẹrù tó fúyẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Ìyá kejì kò gbé ẹrù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù. Ohun tí kò gbé, ẹlòmíràn ló gbé e fún un.

Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ tàbí kíkéré ni ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: kí ni ibi tí mò ń lọ ní, kí ni kò ní, ta ni yóò sì ru ìnira rẹ̀ bí mo bá ṣì í ṣe? Ohun tí ibẹ̀ ní, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ohun tí ibẹ̀ kò ní tí ẹ kò sì lè ṣe aláìlò, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dì. Lẹ́yìn náà ni kí aṣọ wá jókòó sí àyè tó bá kù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń yí i padà: aṣọ la ń kọ́kọ́ dì, tí àpò bá sì kún a ó ní kò sí àyè fún omi.

Omi mímu ni kó ṣáájú. Lítà omi kan, kílò kan ni. Àpò omi inú ọ̀rá kan, tó ní ọ̀rá 20, kílò 10 ni. Ènìyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu lítà méjì lóòjọ́ á mu lítà 32 ní ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ má gbìyànjú láti gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé àpò kan tí yóò tó yín fún ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì fi owó àwọn ọjọ́ yòókù ṣáájú sí onílé, kó lè rà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn omi ni oògùn: oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò lójoojúmọ́, oògùn ibà, àti iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́. Inú àpamọ́wọ́ ni kó wà, kó má ṣe sí ní ìsàlẹ̀ ẹrù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan, ohun ìtọ́jú nǹkan oṣù, àti ìlédìí ọmọ tó bá wà ní ọwọ́. Aṣọ ìpààrọ̀ méjì-méjì tó fún àwọn ọmọ. Fún ìyá, ìró àti bùbá àńkárá méjì, híjáàbù méjì, sálúbàtà rọ́bà, àti ẹyọ aṣọ kan fún òde, bí òde bá wà. Ẹ fi ọ̀rá di gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kó wọn sínú àpò rírọ̀, nítorí omi á ta sí ẹrù bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan wọn ẹrù náà wò kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ọmọ mú, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àpò, kí ẹ sì rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ padà wọlé, kí ẹ yọ nǹkan kúrò. Ẹni tí kò lè gbé ẹrù rẹ̀ kọjá àgbàlá tirẹ̀ kò lè gbé e kọjá lórí pákó.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ má ṣe gbé ẹja lọ fún ará Ìlàjẹ. Ẹja àti edé kò wọ́n wọn. Ohun tí ilẹ̀ gbígbẹ ń mú jáde ni wọ́n ń fẹ́: iṣu díẹ̀, àlùbọ́sà, ata, ọsàn. Bákan náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àpò nígbà tí ẹ bá ń lọ, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á di ẹja yíyan fún yín, wọ́n á fi púpurú lé e. Ẹni tí àpò rẹ̀ ti kún nígbà tó ń lọ, ẹrù rẹ̀ á di méjì nígbà tó bá ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọmọ, ẹ sì fi etí sí i gidigidi. Àjọ NIWA, èyí tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1997 láti máa bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé Nàìjíríà, ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé kí èrò wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ má kún jù, kí a má sì rìn lóru. Ẹ̀wù náà, bó bá jẹ́ èyí tó dára, ńṣe ló máa ń yí ènìyàn kó dojú kọ òkè, kí ojú àti imú lè wà lókè omi. Bí ọmọ bá wà ní ẹ̀yìn yín pẹ̀lú ọ̀já nígbà náà, ìyá ni yóò wà lókè, ọmọ ni yóò wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ tú ọ̀já kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ gbé ọmọ sí iwájú, kó wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà kékeré tirẹ̀. Ẹ má ṣe so àpò mọ́ ara, ẹ má sì ró aṣọ wúwo lọ́pọ̀ ìpele. Aṣọ òde, ibi tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀wù ọmọdé ní etí omi, owó léèsì kan tó láti ra ọ̀kan tí yóò jẹ́ ti ilé yín. Nínú gbogbo ẹrù tí ẹ ó gbé, òun ni kò wúwo, òun náà ni kò ṣe é fi sílẹ̀.

Ìtìjú ló ń pa ọ̀pọ̀ wa. A ń tijú kí wọ́n má sọ pé a wọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì ń tijú láti sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti kún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tijú. Bí ẹ bá rí i pé etí ọkọ̀ ti sún mọ́ omi, ẹ sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ kó ọmọ yín, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ dúró de òmíràn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ wá ibi sùn ní Igbókòdá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àbúrò yín á bínú pé ẹ pẹ́. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá dé, ó sì sàn kó bínú sí yín lójúkorojú ju kó máa dúró de ẹni tí kò dé mọ́.

Ẹ kà á fún bàbá ilé, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kó sì mú wa bọ̀ láyọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.